Ohun Tí Ọ́ìlì Ń Fi Sílẹ̀ Nínú Ẹ́ńjìnnì

"Kó ṣáà má gbẹ." Ohun tí àwọn onímọ́tò máa ń sọ nìyẹn tí mo bá bi wọ́n léèrè ọ́ìlì inú ọkọ̀ wọn. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú bíi kóró iṣin, ó sì ń bí mi nínú títí di òní tí gbogbo rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ mẹkáníìkì dára láti kọ́, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò ní fi adùn bo ohunkóhun fún yín. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó kọ́lé fún mi, ó rán àwọn ọmọ mi níléèwé. Ṣùgbọ́n ó tún fi ìbínú kan sí mi láyà tí kò kúrò, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ó ti wá.

Rafíù ni orúkọ mi, ọmọ Ìkirè. Ọdún tó ṣáájú èyí tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni mo dé Èkó, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìsọlọ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ kí n bá òun níbẹ̀, wọn kò gbà mí. Ló bá mú mi lọ bá mẹkáníìkì kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí ojú irin ní Òṣòdì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí ìtàn mìíràn níbẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ ni orúkọ ọ̀gá mi, ará Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í mutí, tí kì í pariwo. Yorùbá gbogbogbòò ló máa ń bá wa sọ. Bí ẹ bá gbọ́ tó bọ́ sí èdè Èkìtì, kí ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. "Ùwọ ọmọ yìí" ni yóò kọ́kọ́ wí, ẹni tó ń bá wí á sì ti máa wo ibi tó máa gbà sá. Bẹ́líìtì fáànù ọkọ̀ tó ti já ló fi ń nà wá.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mi ò fi súpánà tú ohunkóhun tó ṣe gúnmọ́. Fífọ̀ ni mo ń fọ nǹkan. Nọ́ọ̀tì ni, bọ́ọ̀tì ni, ọmọrí ẹ́ńjìnnì ni, gbogbo rẹ̀ ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti pẹtiróòlù fọ̀ títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó. Tí mo bá rò pé ó ti mọ́, ọ̀gá á mú àkísà funfun, á fi nù ún. Tí àkísà bá ti yí àwọ̀, kí n padà sídìí abọ́ ni. Mo rò pé ó kórìíra mi torí pé n kì í ṣe ará ilé wọn. Mo tún rò pé ó kàn fẹ́ràn kí ó máa fìyà jẹni ni.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n yọ ọ́ìlì ọkọ̀ kan dànù. Ọkọ̀ náà sùn mọ́jú sọ́dọ̀ wa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù bí òkúta. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì ń ro wálẹ̀. Ẹnu kí n sinmi báyìí, bẹ́líìtì bà mí lójúgun.

"Ta ló ní kí o yọ ọ́ ní tútù?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́."

"Tí ìyá rẹ bá fẹ́ fọ ìkòkò tí ọ̀rá ti dì sí, ṣé omi tútù ló ń lò?"

Mo ní rárá.

"Ó yẹ kí o kọ́kọ́ tá ọkọ̀ náà ni, kí ó gbóná dáadáa. Ìdọ̀tí á dìde, á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ́ìlì. Ìgbà yẹn ni kí o tú u, kí gbogbo wọn jọ jáde. Tí o bá yọ ọ́ ní tútù, ọ́ìlì nìkan ló jáde. Ìdọ̀tí jókòó sílé, ó ń retí èyí tí o máa rọ lé e."

Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó jókòó lórí táyà kan, ó pè mí. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ lọ́jọ́ náà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì.

"Rafíù, inú iná ni ọ́ìlì ń gbé. Ó ń gbóná, ó ń tutù, èéfín ń wọ inú rẹ̀, eruku ń wọ inú rẹ̀, ìgbà mìíràn omi díẹ̀ náà ń wọ ibẹ̀. Ọ́ìlì tuntun ní oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn, tí ó fi ń gbá ìdọ̀tí mọ́ra kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ irin. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúdú. Kí ó dúdú kì í ṣe àléébù, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àmọ́ oògùn yẹn ń tán. Ọjọ́ tí ó bá tán, gbogbo ohun tó ti gbá mọ́ra ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ sára irin, díẹ̀díẹ̀, bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà. Ọ́ìlì náà fúnra rẹ̀ á máa ki, á máa di ọ̀dà. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò ní mọ̀. Ọkọ̀ á máa rìn."

Ọ́ìlì ayé ìgbà náà, ọ́ìlì lásán ni, èyí tí wọ́n sẹ́ jáde lára epo rọ̀bì. Kò tíì sí àwọn olówó gọbọi tí ẹ ń rí lórí àtẹ lónìí. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ́ìlì lásán ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Mo fi ojú ara mi rí i. Tíṣà kan wà tí à ń pè ní Ìyá Adékẹ́mi, ọmọ Oǹdó, tó ń wa ọkọ̀ ìjàpá. Obìnrin náà kò jẹ́ kí àsìkò yíyí ọ́ìlì kọjá rí. Bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn, á wá. Lọ́dún kan, ọ̀gá tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ibì kan tó ń jò. Ó pe gbogbo wa kí a wá wò ó.

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

A fọwọ́ kàn án. Irin náà mọ́, àwọ̀ oyin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó lára, ìka wa kò sì dúdú.

"Àwọ̀ oyin yìí, kò sí ọ́ìlì lásán tí kò ní fi í sílẹ̀ tí ó bá pẹ́," ni ọ̀gá wí. "Ọdún ló ń kùn ún bẹ́ẹ̀. Kò ní pa ẹnikẹ́ni. Dúdú tó nípọn ni kí ẹ máa bẹ̀rù."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí owó epo fi dé. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a, ẹ kò lè mọ bí Èkó ṣe rí. Afárá ń dìde, ilé ń dìde, wọ́n ń la títì gba inú igbó tí a ti ń dẹ okété. Ìjọba fi owó kún owó òṣìṣẹ́, oníkálukú sáré lọ ra ọkọ̀. Inú ilẹ̀ tiwa ni epo ti ń jáde, gbogbo ayé ń wá rà á, síbẹ̀ ọkọ̀ tiwa ń kú nítorí ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni kò ráyè yí. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú á rẹ́rìn-ín, á ní òun á ra òmíràn. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọgbọ́n ni. Àwọn kan tilẹ̀ wà létí títì Òṣòdì tí wọ́n ń kó ọ́ìlì tí a ti yọ dànù, èyí tí a ń pè ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á rọ ọ́ sínú agolo tó ń dán, wọ́n á tà á bíi tuntun. Wọ́n wá bá ọ̀gá mi pé kí ó máa kó tirẹ̀ fún àwọn. Ó lé wọn jáde. Káfíńtà ló máa ń fún ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tirẹ̀, kí wọ́n fi kun igi nítorí ikán.

Ìgbà yẹn ni mo mọ Sùlè. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, awakọ̀ típà, èmi àti ẹ̀ la jọ gba yàrá kan ní Ìsọlọ̀ nígbà tí mo kúrò nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Oníwà tútù ni Sùlè. Iyanrìn ló ń kó kiri ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ọkùnrin tó ni típà náà, Olówó-Iyanrìn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí pé iyanrìn ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ Àjàó Estate àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Tí wọ́n bá ti já iyanrìn, wọ́n á tún padà lọ kó òmíràn.

Sùlè gbé típà náà wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan pé ó ń mu ọ́ìlì, ó sì ń tú èéfín. Ọ̀gá ṣí ọmọrí òkè ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó dọ̀tí, mi ò rí irú èyí rí. Ẹ ò lè rí irin níbẹ̀. Ohun dúdú kan ló bò ó, ó dì bí ẹ̀kọ, ó ń dán, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Ọ̀gá ti ìka bọ̀ ọ́, ìka náà rì dé ìdajì.

"Ìgbà wo lẹ ti yí ọ́ìlì ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn?"

"Ọ̀gá, Bàbá ní kí n máa bù kún un ni," ni Sùlè wí. "Kò fún mi láyè kí n yí i."

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Olówó-Iyanrìn. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú agbádá funfun, kò sún mọ́ ọkọ̀ náà kí ó má bàa kó ìdọ̀tí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí sùn sọ́dọ̀ wa," ni ọ̀gá mi bẹ̀ ẹ́. "A máa sọ sọ́ǹpù rẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn ọpọ́n abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń sùn sí. Ọwọ́ la máa fi fọ gbogbo inú rẹ̀."

"Fọlọ́runṣọ́, ọkọ̀ mi kì í sùn. Àwọn ènìyàn ń retí iyanrìn. Ṣebí ẹ lè da kẹrosíìnì sí i, kí ẹ tá a díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ dànù, kí ẹ rọ ọ́ìlì mìíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀rẹ́ mi."

"N kò ní ṣe é, Bàbá. Kẹrosíìnì á tú ìdọ̀tí náà ká, kò ní kó o jáde. Yóò wó lulẹ̀ ní òkìtì-òkìtì sínú sọ́ǹpù. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè. Tí ìdọ̀tí bá dí asẹ́ yẹn, ọ́ìlì kò ní gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì á gan lójú títì. Ènìyàn ló wà nínú ọkọ̀ yìí."

"Ìwọ nìkan kọ́ ni mẹkáníìkì ní Òṣòdì."

Bó ṣe wí nìyẹn. Ó ní kí Sùlè wa ọkọ̀ náà jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Sùlè sọ fún mi nínú yàrá wa pé ẹnì kan ti da kẹrosíìnì sí i létí títì, wọ́n sì ti rọ ọ́ìlì inú agolo sí i. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà ń dún dáadáa. Mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó wọlé, kò lè jẹun.

"Rafíù, iná pupa kan ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí tí wọ́n ya àwòrán ọ́ìlì sí."

"Má wa ọkọ̀ yẹn mọ́. Ọ́ìlì kò gòkè nìyẹn."

"Mo sọ fún Bàbá. Ó ní ṣé iná ló ń wakọ̀ ni. Ó ti yọ gílóòbù rẹ̀."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Òun fúnra rẹ̀. Ó jù ú sápò."

"Sùlè, fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Kí n wá máa jẹ kí ni? Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nílé."

Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá wà níbẹ̀, kí lẹ máa sọ?

Ọ̀gá rán mi lọ ra gasìkẹ́ẹ̀tì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí mo ṣe dé ibi tí títì ti gba orí ojú irin kọjá, mo rí èrò. Típà Olówó-Iyanrìn ló dúró gbagidi sórí irin, iyanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé ẹnu. Sùlè wà lórí ìjókòó, ó ń yí kọ́kọ́rọ́. Mo sáré lọ bá a.

"Kò yí, Rafíù. Ó dún gbàà, ó dúró. Kò yí mọ́ rárá."

"Ó ti gan. Kò ní yí mọ́ láé. Sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ bá mi tì í."

A tì í. Àwọn ọkùnrin tí ń kọjá lọ bá wa tì í, kò mira. Ẹ ò lè da iyanrìn nù kúrò lẹ́yìn típà láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, torí ẹ́ńjìnnì náà ló ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ibi tí a ti ń tì í ni a ti gbọ́ fèrè rélùwéè. Àwọn ènìyàn tú ká. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ irin lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin náà, mo ń ju ẹ̀wù. Awakọ̀ rẹ̀ rí mi, ó tẹ bíréèkì, irin ń han bí ohun tí wọ́n ń pa. Àmọ́ rélùwéè kì í dúró bí ewúrẹ́. Mo wẹ̀yìn, Sùlè ṣì wà lórí ìjókòó. Ó ń yí kọ́kọ́rọ́.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ohun tó wà lọ́kàn òun kò ju pé ọkọ̀ Bàbá nìyí. Ó ní bí òun ṣe ń gbọ́ fèrè, ojú Bàbá ni òun ń rí. Ìgbà tó fò jáde, ó ti pẹ́. Rélùwéè kọlu típà, ó bì í ṣubú, igun rẹ̀ bọ́ lé Sùlè lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹlòmíràn kò farapa. Àwa mélòó kan la fi ọwọ́ wa gbẹ́ iyanrìn kúrò lára rẹ̀ kí a tó rí i fà jáde. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Àìtètè mólè, olè mólóko. Olówó-Iyanrìn ló kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì òun ló bà á jẹ́. Wọ́n wá mú ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́, níwájú wa, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọkùnrin tí kì í ta kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Nígbà tí a gbé oúnjẹ lọ fún un, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ fún wọn: "Ẹ jẹ́ kí a tú ẹ́ńjìnnì náà. Kí gbogbo wa jọ wò ó."

Wọ́n ti fa típà tó fọ́ náà wá síwájú àgọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀ gbà, ó sì ní kí wọ́n pe Olówó-Iyanrìn wá. Èmi ni mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà, tí mo tú bọ́ọ̀tì sọ́ǹpù. Ó wúwo ju bó ti yẹ lọ. A gbé e sórí páànù, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí wò ó. Òkìtì-òkìtì ọ̀dà ló kún inú rẹ̀. Asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè ti dí pátápátá. Mo ha ọ̀dà kúrò lójú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé asẹ́ ni. Àwọn béárìn tó gbé irin àárín ẹ́ńjìnnì dúró ti jóná, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ irin.

"Kí ló kó èyí wá síbẹ̀?" ni ọlọ́pàá náà béèrè.

"Ọ́ìlì tí wọn kò yí," ni ọ̀gá mi wí. "Ọ̀pọ̀ ọdún. Kẹrosíìnì ló wá tú u wálẹ̀."

Ọlọ́pàá yíjú sí Olówó-Iyanrìn. Mo ń wo ẹnu ọkùnrin náà. Mo ń retí kí ojú tì í. Ó gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀.

"Mo ti gbọ́. Ṣebí ọkọ̀ ló bàjẹ́, ọkọ̀ tèmi sì ni. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì máa lọ."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tán nìyẹn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè gílóòbù tó yọ. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ẹsẹ̀ Sùlè. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá mi, ó jáde, a sì jọ padà sí ìdí iṣẹ́. Kí oṣù tó parí, típà tuntun ti ń já iyanrìn, awakọ̀ mìíràn ti wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Sùlè gbé ọmọ pọ̀n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó lọ kúnlẹ̀ sílé Olówó-Iyanrìn, wọ́n ní Bàbá ń sùn. Ọ̀sán gangan ni.

Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ kò gba típà kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àkísà funfun kan lé mi lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, ó padà sí Ìkọ̀lé, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mi ò tíì rí ọlọ́wọ́ mímọ́ bíi tirẹ̀.

Ìsọlọ̀ ni èmi ṣí ti tèmi sí, lọ́nà Ọ̀kọ́tà. Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí Sùlè fi wá bá mi, ó rọ̀ mọ́ igi méjì lábẹ́ abíyá.

"Rafíù, fún mi láyè níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ. Mo fẹ́ máa ta ọ́ìlì ọkọ̀."

Inú bí mi. "Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn ń tà? Ohun tó gé ẹsẹ̀ rẹ?"

"Ọ́ìlì kọ́ ló gé e. Ẹni tó kọ̀ láti yí i ni."

Bó ṣe jókòó síbẹ̀ nìyẹn. Ojúlówó ló ń tà. Á yẹ ìdérí agolo kọ̀ọ̀kan wò lábẹ́ oòrùn, bóyá ẹnì kan ti ṣí i rí, kí ó tó gbà á wọlé. Ìyàwó rẹ̀ wá bá a, wọ́n tọ́ ọmọ wọn níbẹ̀. Èmi ń bínú nínú ṣọ́ọ̀bù, Sùlè ń tajà níta, a sì jọ ń jẹun.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Ọ́ìlì kan tí à ń lò ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn dé. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní sìǹtẹ́tíìkì dé, wọ́n ní ó máa ń mú ẹ́ńjìnnì mọ́ ju ọ́ìlì lásán lọ. Òótọ́ ni. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì tó ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ oyin yẹn kò pọ̀ níbẹ̀, ooru kì í tètè sọ ọ́ di ọ̀dà. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà dé, ó ń sọ àìsàn ọkọ̀ fún mẹkáníìkì. Àmọ́ kò sí èyí tó wo ìwà sàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ra ọ́ìlì tó wọ́n jù, tí wọ́n sì fi í sínú ẹ́ńjìnnì títí ó fi di ẹ̀kọ, nítorí pé ó wọ́n. Mo ń fi ọ́ìlì lásán hàn wọ́n nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń yí tirẹ̀ lásìkò, bó ṣe mọ́ tó. Wọ́n á ní, "Ó dáa, Bàbá," wọ́n á sì lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Olówó-Iyanrìn tó wá sọ́dọ̀ mi. Kò mọ̀ mí. Ó ti darúgbó, ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ló jókòó sí, awakọ̀ ń wà á. Ó ní èéfín ló ń tú. Mo ṣí ọmọrí ẹ́ńjìnnì. Ohun dúdú náà wà níbẹ̀, ó dì, ó ń dán.

Mo tọ́ka sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ yẹn?"

Ó wo Sùlè pẹ́. "Rárá. Ta ni?"

"Sùlè ni. Òun ló ń wa típà yín tó gan sórí irin ní Òṣòdì."

"Áà. Típà yẹn." Ó mi orí. "Ọlọ́run yóò ṣàánú rẹ̀. Ìgbà wo lẹ máa bá mi ṣe ọkọ̀ yìí tán?"

Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Mo ní kí awakọ̀ rẹ̀ wà á jáde kúrò níwájú mi, pé mi ò ní fọwọ́ kàn án, kí ó lọ kú síbi tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀ lẹ́nu mi láti ìgbà èwe mi, ó dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Sùlè gbọ́. Ó rọ̀ mọ́ igi rẹ̀, ó rìn wọlé wá, kò tilẹ̀ wo ojú Olówó-Iyanrìn.

"Bá wọn fọ̀ ọ́, Rafíù."

"Fún ọkùnrin yìí?"

Ó fi igi rẹ̀ tọ́ka sí awakọ̀ náà, tó dúró ní tirẹ̀ tó ń fi àkísà nu gíláàsì iwájú.

"Ẹsẹ̀ ti ẹni yẹn ṣì pé méjì."

Mo sọ sọ́ǹpù náà kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi ha gbogbo rẹ̀, mo fọ asẹ́ rẹ̀ títí oòrùn fi ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Ọ́ìlì Sùlè ni mo rọ sí i. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, inú ń bí mi nígbà tí mo tán, ó sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Ẹ lè fi ìbínú ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹ ṣáà mọ ẹni tí ẹ ń ṣe é fún. Nígbà tí mo parí, mi ò bá ẹni tó ni ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ni mo pè, mo ní kí ó sún mọ́ mi, mo sì sọ ọjọ́ tí yóò tún gbé e padà wá yí ọ́ìlì fún un.